Ìdáhùn Tí Kọ̀ǹpútà Fẹ́

Màmá mi,

Ara mi le koko ní Alberta níbí. Ibi iṣẹ́ fún mi ní ìsinmi gígùn. Wọ́n ní tí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí girama, kí n padà wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ilé ìkàwé ìlú. Ibẹ̀ móoru. Ẹ máa fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ síbẹ̀ báyìí.

Lánàá, ìdánwò béèrè ohun tí àwọn apẹja Newfoundland, ilé wa níbẹ̀ yẹn, ṣe nígbà tí ìjọba fòfin de ẹja pípa. Mo kọ ohun tí Bàbá ṣe: ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń lọ jókòó láràárọ̀ sínú ọkọ̀ wọn tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀.

Kọ̀ǹpútà fún mi lódo. Mo pe olùkọ́ wa, Mísíìsì Dubyk.

“Selby, ohun tó wà níbí ni pé wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn.”

“Mà, ẹ ò mọ bàbá mi ni.”

“Ṣé o fẹ́ yege ni, àbí o fẹ́ jàre?”

Mo kọ ọ́ pé wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ má ka ibí yìí sí Bàbá létí. Ẹ kàn sọ pé ọmọ wọn yege nínú ìtàn, ẹ sì bá mi kí wọn.

Selby