Abúlé Ìfiwéra

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ yunifásítì yẹn ń gbè ọ́? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé láyọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àwọn olùwádìí tí o pè mí lórí fóònù pé kí n gbà tọwọ́tẹsẹ̀, pé ọ̀gá rẹ ni obìnrin tó ṣáájú wọn, mo gbà wọ́n o. Ìyá Ìbéèrè là ń pè é níbí. Ó ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ omi tí àwọn aláàánú òkè òkun fi ń ta abúlé lọ́rẹ ń ṣàǹfààní lóòótọ́, pé abúlé òdìkejì odò ló máa gba ẹ̀rọ omi, àwa sì ni abúlé ìfiwéra. Mo rò pé ìfiwéra ju ẹ̀rọ omi lọ, mo ṣí fìlà, mo dúpẹ́. Mo bèèrè ẹni tó yàn wá, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni, mo ní kí wọ́n bá mi kí i dáadáa. Wọ́n gbé fóònù kan tó fẹ̀ bíi wàláà wá, pé kí n tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn pé mo gbà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún pariwo orúkọ abúlé wa sínú rẹ̀, nítorí mi ò mọ̀ bóyá etí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ń gbọ́ràn dáadáa.

Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni wọ́n ń wá bèèrè ọmọ ta ló ń ṣu gbuuru, ọmọ ta ló ń bì. A ń sọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. A ní oògùn ńkọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe oníṣègùn.

Nígbà tí ẹ̀rùn mú, tí odò di ẹrẹ̀, àbúrò rẹ obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń lọ pọnmi lódìkejì. Ìyá Ìbéèrè pàdé ẹ̀ lọ́nà. Kò bínú o, ó kàn bẹ̀ ẹ́ ni. Ó wá bẹ èmi náà nílé, ó ní bí àwọn èèyàn wa bá ń mu omi ọ̀hún, iṣẹ́ àwọn bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ò ní lè mọ ìyàtọ̀. Mo rántí pé ọ̀gá rẹ ni, mo ní kí àbúrò rẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó gbé e sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kékeré, èyí tó máa ń fa irùngbọ̀n mi, ìgbẹ́ gbuuru ló mú un. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Nígbà tí wọ́n dé lóṣù yẹn, Ìyá Ìbéèrè sunkún ju ìyá ọmọ lọ, ó nu ojú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá sí ilé ẹ̀kọ́ ká wá wo àbájáde. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ìmọ́lẹ̀ yọ látinú àpótí kan, ìlà méjì hàn. Ti òdìkejì odò ń lọ sílẹ̀, tiwa ń gòkè fíofío. Mo rò pé àwa la borí. Mo pàtẹ́wọ́, gbogbo abúlé bá mi pàtẹ́wọ́.

Àbúrò rẹ dìde, ó bèèrè pé níbo lọmọ òun wà níbẹ̀. Ìyá Ìbéèrè fi ìka kan àmì kan lórí ìlà tiwa, tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Àbúrò rẹ lọ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, àmì náà bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Wọ́n pa iná, ó ṣì wà lẹ́bàá ògiri.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìfiwéra. Ṣé ìwọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi? Má fèsì.

Bá wa bẹ kọ̀ǹpútà yẹn kó tún abúlé yàn. Bí kò bá gbà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra oògùn tí wọ́n ń dà sómi. Tí o bá wálé, má wá àbúrò rẹ níbí, ó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sódìkejì odò. Mo ránṣẹ́ pè é, kò wá.

Ọlọ́run á bá ọ wo àwọn ọmọ rẹ dàgbà. Omi tí o bá bù fún wọn mu kò ní pa wọ́n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.