Ọmọ Tó Wọlé Nínú Fíìmù

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o. Ṣé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Ara Bàbá ti le díẹ̀, àmọ́ wọ́n ń sá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí ọmọdé. Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mo ń sọ fíìmù fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n, fíìmù àtijọ́ dùn ju tuntun lọ. Ó máa ń falẹ̀, àmọ́ ọmọ tó bá rìnrìn àjò á padà wálé. Tuntun tí a wò lánàá, ìbọn ṣáá ni wọ́n ń yìn! Mò ń dìde, mò ń jókòó, ara mi ò balẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀, kò padà, fíìmù parí.

Màmá, tí ò gbọ́ èdè inú fíìmù náà, ní, "Ó ti dé, àbí?"

Mo ní, "Ó ti dé, Màmá. Ìyá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí: "Tún ibi tí ọmọ yẹn ti wọlé sọ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn ra oògùn ojú. Ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni o. Ẹ gbé e wọlé fúnra yín. Ọlọ́run á ṣọ́ ìrìn yín. Irọ́ ti ń tán lẹ́nu mi.

Àbúrò yín