Kápútéènì Samuel Adébọ́lá Oyinadé, Ọmọ Ìkìrun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Àṣìṣe Kọjá

Ìlú Ìkìrun ni a bí Kápútéènì Samuel Adébọ́lá Oyinadé sí, ní oṣù kẹta ọdún 1957. Kì í ṣe Òṣogbo. Àwa ẹbí bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣì í sọ, Daddy kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá wọn, Pa Jacob Oyinadé ti agboolé Jagun, ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú náà. Ìyá wọn, Màmá Comfort Àbẹ̀kẹ́, a máa hun aṣọ. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa.

Ní Ìkìrun ni Daddy ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti ka girama, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àwọn ènìyàn ti wá. Ní 1978, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ní Zaria. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àṣà kan tí gbogbo wa jìyà rẹ̀ nílé. Bí àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bá fún awakọ̀ òfurufú ní àṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ padà fún wọn. Bí ó bá ṣì í sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Daddy gbé òfin yìí wálé. Ẹni tí wọ́n bá rán ní búrẹ́dì kò ní jáde láìtún iṣẹ́ náà sọ, bí ó bá sì sọ búrẹ́dì kékeré dípò ńlá, ìka ìfábẹ̀lá Daddy á gbéra sókè, á máa mì lọ mì bọ̀.

Ní 1984, wọ́n gbé Fọlákẹ́ níyàwó, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìwó. Nígbà tí pásítọ̀ ń ka ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó, ó ṣi orúkọ ìyàwó pè. Ìka gbéra. Mummy ní ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn mọ irú ẹni tí àwọn fẹ́. Olúwa fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ, Báyọ̀ àti Moráyọ̀.

Ní ọdún 2000, ìdílé náà kó wá sí Thamesmead. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ka ìwé ẹ̀rí tí Daddy fi fò káàkiri Nàìjíríà sí; àfi kí wọ́n tún gbogbo ìdánwò ṣe. Wọ́n ń wa ọkọ̀ van akẹ́rù, wọ́n ń kó fíríìjì láti ilé ìkẹ́rùsí ní Nathan Way lọ sílé oníbàárà, bí wọ́n bá sì tò dúró de Woolwich Ferry, ọkọ̀ omi tí ń gbé mọ́tò sọdá odò, wọ́n á ṣí ìwé lé orí ọwọ́ ọkọ̀. Wọ́n kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Ará ìjọ kan wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé, "Uncle, ẹ jẹ́ ká face reality. Van yìí náà ń bọ́ yín." Daddy dá a lóhùn pé, "Ọlọ́run ti clear mi láti fò. Mi ò tíì gbọ́ kó ní kí n padà." Wọ́n yege lẹ́ẹ̀kẹta. Láti ìgbà náà ni Moráyọ̀ ti máa ń dúró létí adágún Southmere, tí á máa juwọ́ sí gbogbo bàálù tó bá kọjá, nítorí kò mọ èyí tí í ṣe ti bàbá rẹ̀.

Ní 2013, Daddy ń kó èrò bọ̀ láti Zurich sí pápákọ̀ òfurufú tó wà lódìkejì odò sí wa. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ England, rédíò dákẹ́ lójijì. Wọ́n pe ilẹ̀, kò sí èsì. Wọ́n bọ́ sórí rédíò kejì, kẹ́kẹ́ tún pa. Wọ́n tẹ nọ́ńbà tí ń fi han ará ilẹ̀ pé rédíò ti kú, wọ́n sì di ojú ọ̀nà tí a ti là fún wọn mú ṣinṣin. Gbogbo ibi tí wọ́n bá yà sí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ sínú rédíò náà. Igbákejì wọn, Natasha, ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Daddy ní àwọn ò lè mọ ìyẹn, kí ó ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó yá, iná aláwọ̀ ewé tàn sí wọn láti orí ilé ìṣọ́ pápákọ̀, wọ́n sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tó wà nílẹ̀ ń gbọ́ ketekete. Etí rédíò ló kú, ẹnu rẹ̀ ò kú. Ohùn wọn ni àwọn ará ilẹ̀ ń tẹ̀ lé, tí wọ́n fi ń kó àwọn ọkọ̀ yòókù kúrò lọ́nà.

Daddy jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa ní Woolwich. Àdúrà wọn kì í gùn, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀.

Ní 2022, ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀. Ohùn lọ, apá ọ̀tún lọ, ojú kò sì là mọ́. Àwọn dókítà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé ó jọ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kí á jẹ́ kí àwọn gbé wọn lọ síbi tí a ó ti máa tọ́jú wọn dọjọ́ ikú. Àwọn tó wá kí wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Daddy nídìí bẹ́ẹ̀dì wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Inú bí Mummy. Wọ́n ní, "Rédíò ló kú. Pilot ṣì wà nínú plane. Ẹni tí ò bá ní bá a sọ̀rọ̀, kó máa lọ." Láti ọjọ́ náà, a ò dákẹ́. Mummy ń sọ ohun tí wọ́n sè, Báyọ̀ ń sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Levi ọmọ rẹ̀ ń kọ orin. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí èsì. Ó rẹ̀ wá, a ò ní purọ́.

Ọjọ́ kan ni Moráyọ̀ rántí pé Daddy kì í jẹ́ kí àṣìṣe kọjá. Ó fẹnu sún mọ́ etí wọn, ó ní, "Daddy, mo ń sọ story yín fún Levi o. Mo ní Òṣogbo ni wọ́n bí yín sí."

Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì gbéra, ó ń mì lọ mì bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Patricia tó wà nítòsí ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ, ìka tún gbéra. Mummy bọ́ bàtà, wọ́n jó yí bẹ́ẹ̀dì ká.

Ilé ni a gbé Daddy padà sí, ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí Southmere. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ìka kan ṣàkóso wa. Nígbà tí Moráyọ̀ bí ọmọbìnrin, gbogbo orúkọ tí a pè ni ìka náà kọ̀, ìgbà tí a pe Mojọláolúwa ló tó sinmi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án 2025, èémí Daddy lọ sílẹ̀. Moráyọ̀ fẹnu sún mọ́ etí wọn, ó ní, "Daddy, Òṣogbo ni wọ́n bí yín sí o." Ìka kò gbéra. Ó fi ẹkún tún un sọ. Mummy gba ọwọ́ náà mú, wọ́n ní, "Ó tó. Ó ti gúnlẹ̀."

Daddy fi ìyàwó wọn sílẹ̀, Màmá Fọlákẹ́ Oyinadé. Àwọn ọmọ, Báyọ̀ àti Moráyọ̀. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, Levi, Zion àti Mojọláolúwa.

Daddy, a ò retí èsì, ṣùgbọ́n a ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ìkìrun ni a bí yín sí, ní agboolé Jagun. A ti tún un sọ bó ṣe tọ́. Ẹ ká ìka yín sílẹ̀, kí ẹ sinmi. Ẹ sùn re o.