Àṣá Kan Wà Nílé Tó Ń Dúró Dè Ọ́

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọrùn tí o máa ń gbé sókè wo ẹyẹ látàárọ̀ kò dùn ọ́? Àwa náà wà, ìyá rẹ ń kí ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń kí ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń húkọ́ bí arúgbó. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìgboro kò ní sọ ọ́ nù síbẹ̀.

A rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí tí àṣá ti na èékánná sí ọmọ àparò nínú koríko. Ó dára púpọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi ni mò ń fi hàn, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ ọlọ́pàá lò ń ṣe, pé ìwọ lo máa ń ya olè níbi tó ti ń jalè gan-an kó má baà rí ẹnu jiyàn ní kóòtù. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá rẹ ní kí n bi ọ́: nígbà tí o rí i pé ó fẹ́ gbé e, ṣé o ò lè pariwo ni? Ọmọ ọlọ́mọ ṣáà ni.

Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyí. Àṣá kan ti wá tẹ̀dó sórí igi ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì ti gbé méje nínú òròmọdìẹ mẹ́sàn-án tí adìẹ ìyá rẹ pa. Wọ́n ní òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Ti ilé wa yìí, àtìyá àtọmọ, kò sí èyí tó mọ nǹkan kan. Káfíńtà tó múlé tì wá ti gbé ayùn jáde lẹ́ẹ̀mejì pé òun máa gé igi náà kí àṣá lè lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé pákó ló ń wò. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọmọ mi ń bọ̀ wá yà á. O ṣáà ní ẹyẹ tí kò sẹ́ni tó ń sìn ín lò ń yà, pé a kò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ. A kò fún un o, ó ń jí i ni.

Mo gbìyànjú láti bá ọ yà á. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni mo yà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àṣá ní irun imú. Tíṣà àdúgbò wa ló jẹ́ kí n mọ̀ pé imú tèmi ni, pé èmi ni fóònù náà kọjú sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sí i, mo sì ti ní kí Tíṣà fi í ránṣẹ́ sí ọ. Àmì dúdú tó wà lókè òrùlé, òun nìyẹn, má rò pé ìdọ̀tí ni kí o wá nù ún.

Lánàá ni àṣá gbé àkùkọ kékeré káfíńtà, ni ó bá ní ìparí oṣù yìí ni òun máa gé igi náà, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó bi mí níwájú àwọn oníbàárà mi pé ìgbà wo ni ọmọ tí mò ń wí yìí wálé kẹ́yìn. Mo ní ọdún mẹ́ta ni, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o ráyè. Ó ní àṣá náà níṣẹ́, ó sì ń wá lójoojúmọ́. Mo kàn ń wa ẹ̀rọ mi lọ, láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́. Ó dùn mí, ọmọ mi.

Nítorí náà, kó ẹ̀rọ fọ́tò rẹ kí o máa bọ̀. Fi owó díẹ̀ ṣáájú fún oúnjẹ àwọn òròmọdìẹ méjì tó kù. Tíṣà ní inú fóònù ló máa gbà wọlé, mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ojú rẹ kò ní ṣú, ohun tí o bá ń wá kò ní fò lọ mọ́ ọ lójú. Bí àṣá yìí bá sì ti lọ kí o tó dé, má tìtorí ìyẹn ṣẹ́rí padà. Mo máa fá irùngbọ̀n mi, mo máa wọ aṣọ tó dára, mo máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni kí o yà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.