Àbẹ́là Méje Màámi

Ọjọ́bọ̀, Àpòmù

Gáàsì ti tán. Mo ṣì ń mi sílíńdà yìí bí ẹni pé nǹkan kù nínú rẹ̀.

Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ wálé, torí kò síná ní ọ́fíìsì wa n'Ìkirè. Lọ́la ni ọ̀gá fẹ́ fi wọn kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, gáàsì tí à ń mí síta, lóko kòkó.

Kí n tó fi gáàsì inú sílíńdà tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kó má baà purọ́, ó yẹ kí nọ́ńbà ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Kò dúró. Ó ń gòkè ṣáá. Mo ti fèrèsé nítorí eruku, mo pààrọ̀ asẹ́, pàbó. Nígbà tó sú mi, mo kàn ṣí gáàsì sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó gbẹ.

Mo pe ọ̀gá pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Wọ́n ní, "Lọ́wọ́ ẹ?" Wọ́n sì pa fóònù.

Bí mo ṣe ń sunkún ni Màámi jáde. "Má sunkún, ọmọ mi. Àtọ̀sán ni mo ti ń gbàdúrà sí i." Wọ́n ká kọ́tìnì yàrá wọn. Àbẹ́là méje ń jó nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín, wọ́n sì ti họ orúkọ mi sára gbogbo wọn.

Iná! Gáàsì tí ẹ̀rọ yẹn ń wá kiri ni iná ń tú jáde!

Mo pa àbẹ́là náà, mo ṣí fèrèsé. Díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.

"Ṣé o rí i?" Màámi ń jó. "Olúwa ti gbọ́!"

Mo ní àmín. Sílíńdà òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ mi.