Kásìkì Mẹ́ta Tí Ulrich Yá Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ 2024

Mo dé sílé, Adja-Ouèrè. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré. Ìyá ti bu ẹ̀wà kí n tó bọ́ bàtà. Nígbà tí mo tú báàgì, kásìkì mẹ́ta tí Ulrich tá a jọ ń fò yá mi bọ́ sórí ibùsùn — kásìkì etí, èyí tí àwa awakọ̀ bàálù máa ń dé láti fi bá ara wa àti àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá gbé ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní kásìkì, pé ẹni tó bá fi èyí gun alùpùpù tó bá ṣubú, agbárí lọ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.

Ohun tó gbé wọn wá: tí Ọlọ́run bá gbà, lóṣù kẹsàn-án mo kúrò ní igbákejì awakọ̀, mo di kọmáńdà, olórí awakọ̀. Èmi ni obìnrin kejì tó máa dé ibẹ̀ nílé-iṣẹ́ wa. Igbákejì lè máa dé kásìkì tí gbogbo ayé ti làágùn sí, kọmáńdà a máa yan tirẹ̀. Ọ̀gá wa — Onírùngbọ̀n — ní kí n fara balẹ̀ yàn án, pé wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kì í ṣe eré, kásìkì tó bá ń fún ènìyàn lórí kò ní jẹ́ kó ronú bó ṣe yẹ. Vísítì dókítà, ìyẹn àyẹ̀wò ara, ló kù, ní ogúnjọ́ oṣù yìí, ní Kútọnú. Òun nìkan ló kù.

Orúkọ tí mo sọ wọ́n: Ẹ̀mú, torí ó ń di orí mú bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ìrọ̀rí, èyí tó ní tìmùtìmù ńlá méjì. Ìdin, kékeré burúkú tó ń wọnú ihò etí.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kẹjọ

Máàsì. Ìwàásù gùn. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹjọ

Níbo ni wọ́n ti ń dán kásìkì bàálù wò ní Adja-Ouèrè? Mo rò ó títí. Nídìí ẹ̀rọ ìlọgbàdo Oyèkẹ́mi ni. Ọ̀rẹ́ mi láti kíláàsì kìíní, ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá àwọn ènìyàn lọ àgbàdo. Ariwo ibẹ̀ kò kéré sí ti bàálù wa rárá.

Ẹ̀mú — wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ gíláàsì ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Irun dídì náà kò jẹ́ kó jókòó dáadáa. Nígbà tí mo bọ́ ọ, ó ti fi ilà sí mi lórí bí ẹni tó fi okùn ru igi. Àwọn obìnrin tó gbé àgbàdo wá ń wò mí bíi wèrè tó mọ aṣọ wọ̀. Oyèkẹ́mi bi mí báwo ni màá ṣe mọ èyí tó dáa. Mo ní ọjọ́ tí mo bá gbàgbé pé ó wà lórí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tó dáa rí. Ẹnu ẹ̀ kò mọ ìsinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹjọ

Ìdin. Ó ń yún mi létí. Òógùn mú kó yọ̀, ó já sínú ìyẹ̀fun oníbàárà, asẹ́ ni wọ́n fi wá a. Mo bẹ obìnrin náà títí. Ìdin kò ní bá mi wọ bàálù kankan. Ó parí.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kẹjọ

Massè, oko ẹ̀gẹ́ Ìyá. Ọ̀sán gangan. Mo wà nísàlẹ̀ oko, mò ń ṣa igi, Ìyá wà lókè. Ó pè mí, mi ò dáhùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ìyìn ni mo gbà. Ó ní ọmọ òun ń fò lójú ọ̀run, kò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé: ìpè ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án gangan nínú oko, tí a kò rí ẹni tó ń pè, a kì í jẹ́ ẹ. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, torí kì í ṣe ènìyàn nìkan ló mọ orúkọ ènìyàn. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà lóko kejì. Ó tún un sọ nílé. Mo jẹ ìyìn náà pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ sísun.

Mi ò gbọ́ ọ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kẹjọ

Ìrọ̀rí! Kí ló dé tí mi ò fi í ṣáájú? Mo dé e nídìí ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ariwo lọ bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò fún. Ẹsẹ̀ gíláàsì kò dùn mí. Wákàtí mẹ́ta gbáko.

Mo wá so ó mọ́ fóònù, láti gbọ́ ohùn tí Ulrich gbà sílẹ̀ fún mi — ohùn àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, kí n máa fi ṣe ìdánrawò. Apá òsì ń sọ̀rọ̀ ketekete. Apá ọ̀tún ti kú. Inú bí mi burúkú. Mo kọ̀wé sí Ulrich pé kí ló dé tó fi òkú nǹkan yá mi. Ó ní òun dé e lọ, òun dé e bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní irọ́ ni. Mo yọ okùn rẹ̀, mo tún un fi. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹjọ

Mo ní kí Oyèkẹ́mi pa ẹ̀rọ kó wá gbọ́. Lọ́kàn mi, bí etí ẹnikẹ́ni bá máa bàjẹ́ nílùú yìí, tirẹ̀ ni. Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní Faransé wọn ti yára jù. Mo ní etí wo ló fi gbọ́ ọ. Ó ní méjèèjì ni, àbí mélòó ni òun ní.

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yí i padà, èyí tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún, mo fi sí òsì. Ó sọ̀rọ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ lósì bọ́ sí ọ̀tún. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Oyèkẹ́mi kàn ń wò mí. Mo ní fóònù mi ló ń yọ mí lẹ́nu, mo sì jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹjọ

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ulrich. Mi ò sọ ìdí.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kẹjọ

Kí ni mò ń pa mọ́ fún ìwé? Ìwé kì í rojọ́.

Mo ti mọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni etí ọ̀tún mi ti ń hó bí omi orí iná. Mo ní kásìkì ilé-iṣẹ́ ló fà á. Kò sí ohun tí mi ò fi lé kásìkì lọ́rùn — orí fífọ́, kásìkì. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, kásìkì. Igbákejì a máa jókòó sí àga ọ̀tún, kọmáńdà a sì wà lósì ẹ̀. Nítorí náà etí mi tó dáa ló kọjú sí ènìyàn, èyí tó ti kú kọjú sí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n àga òsì ni ti kọmáńdà. Tí mo bá bọ́ síbẹ̀, ọ̀tún mi ni igbákejì mi máa wà, tó bá ń pariwo pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìrọ̀rùn nìkan ni mò ń wá nínú kásìkì. Mò ń wá èyí tó máa bá mi bò ó.

Àti vísítì. Kí n kúkú sọ ọ́ tán. Yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ti ń dán etí wò. Nọ́ọ̀sì á jókòó sẹ́yìn gíláàsì, á máa rán ìró sínú kásìkì. Ẹni tó bá gbọ́ á tẹ bọ́tìnì. Lọ́dún tó kọjá, ti òsì, mo gbọ́ ọ. Ti ọ̀tún — èjìká nọ́ọ̀sì ni mò ń wò. Bó bá ti mì, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé etí mi péye. Mo jó wọlé lọ́jọ́ náà.

Ojú ń tì mí. Ènìyàn méjìdínláàádọ́rin ló ń wọ bàálù wa.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹjọ

Massè.

Bàbá Akíndèjì tó ń dá ẹmu fún wa wà lókè ọ̀pẹ. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń wo fóònù. Àdá rẹ̀ já bọ́, ó gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí mi. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, jìnnìjìnnì tó bá a ju tèmi lọ. Ó ní àdá bọ́ lọ́wọ́ òun, ó há sáàárín imọ̀, ọwọ́ òun kò tó o, òun sì ń ké sí mi kí n kúrò níbẹ̀ kó tó já.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́, Moyọ̀sọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì dárúkọ ẹ.”

Mo ní kí ó má bínú, pé ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ìyá wà nítòsí, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta — kò sí ẹ̀kọ́ ilé tó lè gbà mí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí à ń lọ sílé, Ìyá yí bọ́ sí ọ̀tún mi. Mo wẹ̀yìn lójijì, mo rí i tí ẹnu ẹ̀ ń mì, tí mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kẹjọ — Ìgbàsókè Màríà

Lẹ́yìn Máàsì, Ìyá pè mí sábẹ́ igi máńgòrò. Òsì mi ló jókòó sí. Ó ní láti ìgbà wo. Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan èjìká nọ́ọ̀sì. Mo ń retí kó na ẹgba ọ̀rọ̀ fún mi. Ó bi mí ta ló mọ̀. Mo ní kò sí ẹnì kan. Ó ní ó dáa, kí n pa ẹnu mọ́ nígbà náà. Pé ojú kan ni bàbá mi fi ríran fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi kú. Pé gbogbo ìjọ ti gbọ́, Ìyá Kọmáńdà ni wọ́n ń pe òun dé Kpoulou. Pé kí n rántí ilẹ̀ Oko-Akarè tí a tà kí n lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí èmi náà ti sọ fún ara mi, ó ń tò ó lẹ́nu ara rẹ̀.

Inú bí mi. Ìyá mi kò wọ bàálù rí, àkàbà pàápàá ń bà á lẹ́rù. Mo bi í:

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Tí mo bá jókòó sí àga òsì yẹn pẹ̀lú etí yìí, ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́?”

Kò tilẹ̀ rò ó. “Màá wọ̀ ọ́. Ṣebí ìwọ lò ń wà á.”

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù kẹjọ

Ulrich ní kí n sọ èyí tí mo yàn. Mo ní Ìrọ̀rí. Òótọ́ ni. Mo dé e fún wákàtí mẹ́rin lónìí, mo gbàgbé ẹ̀ sórí, mo fi jáde sí títì, àwọn ènìyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbóná, kò wúwo, kò fún. Awakọ̀ tó bá bi mí, òun ni màá ní kó rà. Ulrich ní kọmáńdà ti yan kásìkì, ó ti parí.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù kẹjọ

Mo rìn yí ilé ká. Ìyá ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo dìde.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kẹjọ

Ìyá sìn mí dé ibi ọkọ̀. Ó súre fún mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá. Mi ò dá a lóhùn. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Mo ti dé Kútọnú. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹjọ

Ojú, ó dáa. Ẹ̀jẹ̀, ó dáa. Ọkàn, ó dáa. Ó wá kan etí.

Yàrá yẹn náà ni, nọ́ọ̀sì yẹn náà ni. Ó tilẹ̀ kí mi kú oríire, ó ní òun ti gbọ́ pé mo ń di kọmáńdà. Kásìkì wọn le bí òkúta. Ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Mo rí èjìká ẹ̀, mo rí i kedere, kò sí ohun tó bò ó. Mo rò ó bí Ìyá á ṣe jókòó sí ìlà iwájú nínú bàálù pẹ̀lú rósárì, tí ẹ̀rù á máa bà á, tí á máa sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé ọmọ òun ló ń wà á. Mo di ojú mi.

Òsì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́, mo tẹ̀. Mo gbọ́, mo tẹ̀. Títí dé èyí tí kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Mo ní ó ń múra ti ọ̀tún sílẹ̀. Mo gbé ìka sórí bọ́tìnì, mo dúró dè é. Etí mi ń hó. Mo dúró. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó lè má burú tó bí mo ṣe rò, pé màá gbọ́ díẹ̀, díẹ̀ náà tó.

Ọwọ́ kan bà mí léjìká. Mo la ojú. Nọ́ọ̀sì ti wọlé, ó ń rọra ṣí kásìkì kúrò lórí mi.

Mo ní: “Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀tún.”

Ó ní: “A ti parí ẹ̀, màdáàmù.”