Ilé Yín Tí Wọ́n Ní Kò Ní Ìtàn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n ti wó ilé yín. Kì í ṣe ìjì ló wó o. Ìjì ṣí páànù lọ lóòótọ́, ó sì mú kí ògiri ẹ̀yìn fì, ṣùgbọ́n ìjì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ yín ló wó o, ẹ̀gbọ́n mi Sámúẹ́lì, àrólé yín.

Ilé ọkọ mi ní Ìdógùn ni mo wà nígbà tí ìjì náà jà. Nígbà tí mo fi dé Ọ̀wọ̀, kánsù ti kéde pé gbogbo ilé tó bá ti fì ni àwọn máa wó, kó má baà pa ènìyàn, àyàfi èyí tó bá ní ìtàn. Òyìnbó kan àti akọ̀wé rẹ̀ ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Ilé tí wọ́n bá rí ọnà àwọn baba ńlá lára rẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Inú mi dùn. Ilé ta ló tún pẹ́ ju tiyín lọ? Ilé tí baba yín fi ìka fa ìlà sára ògiri rẹ̀ yípo àgbàlá, tí ẹ̀yin náà ń fi amọ̀ pupa ra ní gbogbo ẹ̀rùn, tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé fẹ̀yìn tì. Inú yàrá yín níbẹ̀ náà la sì sin yín sí.

Àbí ẹ ò mọ Sámúẹ́lì ni? Ó ní a kì í fi ilé alámọ̀ gba àlejò ńlá. Kí n tó lọ kó aṣọ ní Ìdógùn kí n sì padà dé, ó ti pe bíríkìlà. Wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ńtì bo gbogbo ìlà náà, wọ́n sì fi ẹfun kùn ún. Ha! Ẹnu mi ò lè pa dé.

Òyìnbó dé, ó wo ògiri funfun, ó ní ilé tuntun nìyí. Ẹ wá gbọ́ àrólé yín o! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí nǹkan ará oko kankan nílé bàbá òun mọ́. Mo bọ́ síwájú, mo bẹ akọ̀wé, ọmọ Àkókó kan, pé kó jọ̀ọ́ họ sìmẹ́ńtì náà díẹ̀. Ọkùnrin náà ti yọ ọ̀bẹ. Sámúẹ́lì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òógùn ojú òun ló wà lára ògiri yẹn, pé obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò lẹ́nu nílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí kí n wá fẹnu sí ọ̀rọ̀ àgbà, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ mọ ilé tí wọ́n mú? Ti Láṣebìkan aládùúgbò wa! Ọ̀lẹ tí ẹ máa ń bú pé ó ń dúró kí ògiri wó lé òun lórí. Kò tún un ṣe rí, ìdí nìyẹn tí ọnà ara rẹ̀ fi pé. Òyìnbó ń fọwọ́ rà á, ó ń mi orí, ó ń yà á ní fọ́tò. Tiwa ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí lẹ́nu ọ̀nà, pé wíwó ni. Ó dùn mí wọra, bàbá mi.

Lánàá ni wọ́n kó dígà dé. Sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ já bọ́, ni ìlà bá yọ, ó pupa yòò. Akọ̀wé yẹn wà níbẹ̀. Ó ṣí fìlà. Kí ló tún lè ṣe, nígbà tí ìdajì ògiri ti wà nílẹ̀? Sámúẹ́lì jókòó lórí òkúta, ó ń sunkún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ sùn sí ti di gbangba. Àwọn ènìyàn ti ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé orí bàbá ẹnìkan làwọn ń tẹ̀. Òjò ti ṣú báyìí. Mo tẹ́ ẹní, mo jókòó tì yín. Ọkọ mi ti ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé, pé àwọn ọmọ ń béèrè mi. Bí mo bá lọ, bàbá mi, ta ló máa lé ewúrẹ́ kúrò lórí yín?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.